Àpò Dúdú Ìyàwó Àbúrò Mi

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó àbúrò mi ti ń yẹ ọjà wò lọ́jọ́ tá a jọ lọ sí Dùgbẹ̀. Ilé ló ti ń fọ fíìmù fọ́tò fúnra rẹ̀. Ó ra agolo, ìgò oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù àti tẹmómítà láìjanpata. Àpò dúdú ló dá wa dúró, èyí tí èèyàn ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ láti kó fíìmù sínú agolo kí ìmọ́lẹ̀ má baà kàn án. Ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó ní ó há jù.

Ọlọ́jà ní, “Àǹtí, ṣé àdúrà lẹ fẹ́ máa fi gbà ni?”

“Rárá o. Ìyá ọkọ mi ni mo fẹ́ máa fi kí.”

Èmi mọ ohun tó ń sọ. Inú òkùnkùn balùwẹ̀ wọn ní Bódìjà ló ń ti ara rẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ tó bá fẹ́ kó fíìmù sínú agolo. Lọ́jọ́ kan, màmá wa dé, wọ́n ní, “Ẹ kú ilé o.” Ló bá ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, gbogbo fọ́tò ìdúpẹ́ màmá sì bàjẹ́.

Nígbà náà, mo ní kí ló dé tí kò kàn dáhùn látinú ibẹ̀.

“Bọ̀dá, màá tún ya fọ́tò míì. Ìkíni òní, òní ló ni ín.”

Màmá ti kú báyìí. Ìyàwó wa sì ti ní yàrá tó ṣókùnkùn, tó ní kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀, pálọ̀ ló ṣì ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò dúdú tó fẹ̀ tá a padà rà lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.