Súmò Tó Ní Ojú

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì tó dàpọ̀ mọ́ iyanrìn gbígbóná, tó bá ti fẹ́ sí mi nímú báyìí, yáàdì àlòkù irin kan ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, ni ọkàn mi ń sáré lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra súmò, àwọn ẹ̀rọ gígùn tí ń fa omi láti inú kànga, tí mo ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Ìwọ náà mọ̀ mí: mi ò kàwé, àmọ́ tí mo bá ti fi ìka lu súmò lẹ́ẹ̀mejì, mo ti mọ̀ bóyá ó ṣì lẹ́mìí. Mo sì máa ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ náà mo fi ìka lu ọ̀kan, ó dún dáadáa, ni mo bá ní kí wọ́n dì í mọ́ ìyókù. Bàbá ará Rọ́ṣíà kan, tó ti tún ọkọ̀ òfurufú ogun ṣe rí láyé Soviet, tó wá ń tú irin ní yáàdì náà, ló figbe ta.

"Madam, khalas! Ó tó! Má fọwọ́ kàn án!"

"Ṣé ìyàwó yín ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun ìjà ni, èyí tí ọkọ̀ òfurufú ń yìn lu ọkọ̀ òfurufú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó nu gíríìsì kúrò ní ṣóńṣó orí rẹ̀, dígí kékeré kan yọ: ojú tó fi ń wá ooru ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ibi tí ooru bá wà ló ń lé lọ. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀ ti kúrò. Ó ní etí ìyẹ́ yẹn ni kẹ̀kẹ́ kéékèèké máa ń wà, tí atẹ́gùn ń yí, tí kì í jẹ́ kó máa pòòyì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni kọ̀ntéénà mi ń lọ, orúkọ mi ló sì wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá rí i ní pọ́ọ̀tù, ta ni yóò gbà pé omi ni mò ń wá?

"Ta ló tiẹ̀ ṣe é?"

"Àwa ni. Ti Amẹ́ríkà la wò ṣe."

Ó ní ará Taiwan ló yin ti Amẹ́ríkà lu ọkọ̀ ará Ṣáínà. Ó há sí i lára, kò bú, awakọ̀ gbé e délé. Àwọn ará Ṣáínà fi ránṣẹ́ sí Moscow, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti tú u palẹ̀, tí wọ́n ṣe irú ẹ̀. Orí mi dàrú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ni wọ́n wá gbé sámpù fún? Èmi tí ojú ń tì pé ayédèrú súmò wà lára ọjà mi, àṣé iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe náà ni mò ń ṣe!

Ọlọ́yáàdì pe ọlọ́pàá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òfìfo ni, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ sójà. Ọ̀gá wọn bi mí pé kí ni mo rò pé ó jẹ́. Mo ní ẹ̀rọ omi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. "Yalla, máa lọ."

Títí dòní, kò tíì yé mi bí èèyàn ṣe ń bá ara wọn jagun tí wọ́n tún ń gbé ọjà fún ara wọn. Ṣùgbọ́n mi ò fi ìka nìkan ra súmò mọ́. Wọ́n á tú u, màá wo inú rẹ̀. Àṣìṣe tèmi náà há sí mi lára, kò bú. Ṣé kí n wá gbé e délé láì tú u wò ni?