Tíṣà Dosu, Olùkọ́ Ìṣubú

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ olóògbé Tíṣà Dosu, tí kò bẹ̀rẹ̀ látorí okùn fífà, onítọ̀hún ò mọ̀ ọ́n rárá. Etí òkun ló ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní Aradagun, láàárín àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, àwọn tí kì í dúró títí ẹja yóò fi gòkè. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n fa àwọn ọmọ ilé-ìwé Mowo kọjá ilà. Rẹfirí fọn fèrè. Wọn ò dúró! Wọ́n wọ́ wọn kọjá iwájú àwọn àlejò, wọ́n wọ́ tíṣà Mowo mọ́ wọn, ó di ẹnu géètì.

"Tíṣà, ẹ dá wọn dúró!" Látífàt, ọ̀gá ilé-ìwé, fi igbe ta.

"Ọ̀gá, ẹja ò tíì gòkè!"

Ọkùnrin yìí ò lè jókòó, àfi bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Onígbàjámọ̀ rẹ̀ ní láti máa tẹ̀ lé e káàkiri ṣọ́ọ̀bù, irun rẹ̀ kì í sì í gún. Látífàt ti ń wá ọ̀nà àtigba àkókò eré ìdárayá rẹ̀ fún ìṣirò, ọjọ́ pẹ́.

"Ìṣirò làwọn òbí ń bèèrè, Tíṣà. Wọn ò bèèrè fífò bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Ọmọ tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ fẹ́ kó dúró lórí ìṣirò?"

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ Látífàt lọ́kàn. Aaliyah, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn rí. Láti ìgbà náà, kì í sáré, kì í fò, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀sín. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó jágbe mọ́ ọn títí, pàbó ló já sí. Ó gbé ìtìjú tà, ó lọ bá Dosu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ ní fífò."

"Fífò kọ́. Ìṣubú ni máa kọ́ ọ."

Èmi ò rírú ẹ̀ rí! Díẹ̀ ló kù kí Látífàt lé e níṣẹ́. Bàbá orí-ewú bọ́ sórí yanrìn, ó fìdí balẹ̀ gbì, ó fẹ̀gbẹ́ balẹ̀, ó yí gbirigbiri. Ó ní ó kan Aaliyah. Ọmọ náà rọra kúnlẹ̀, ó rọra nà gbalaja.

"Mo ti ṣubú, sà."

"Ìyẹn oorun ni. Dìde!"

Kò pẹ́, ọmọ náà ń ṣubú pẹ̀lú ẹ̀rín. Fífo okùn tí wọ́n ta sókè yanrìn ló kù. Dosu ṣèlérí pé ọmọ náà yóò fò ó kí táàmù tó parí. Ikú ò jẹ́ kó rí i. Nígbà ìsìnkú, àwọn kan ń yọjú wo pósí bóyá yóò mì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Látífàt jáde sí pápá láti kó àwọn ọmọ wọlé fún ìṣirò. Àkókò Dosu ti bọ́ sí i lọ́wọ́ wàyí. Ó bá Aaliyah níwájú okùn. Ọmọ náà fò. Ó kọjá okùn, ó ṣubú, ó dìde, ó gbọn yanrìn nù. Kò sunkún.

Látífàt yíjú kíá láti pe Dosu wá wò ó. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀rín ń bọ̀, omi ojú rẹ̀ ṣáájú.

"Háà, Tíṣà, ẹ̀yin náà ò wá lè dúró díẹ̀!"

"Màmá mi, ṣé ẹ rí mi?"

Tíṣà ìṣirò ti yọjú lójú fèrèsé, ó ń retí àwọn ọmọ. Látífàt juwọ́ sí i pé kó padà jókòó.

"Mo rí ẹ, ọmọ mi. Ó yá, tún un fò."