Áyọ́ọ̀nù Eléèédú

Aṣọ ni mò ń lọ̀ jẹun. Ìlú wa ń ta epo rọ̀bì fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n oṣù kẹta rèé tí a ti rí iná mànàmáná gbẹ̀yìn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi jáde, iṣẹ́ ń lọ.

Láàárọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ iná gbé àkàbà dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ gé wáyà torí mi ò sanwó iná.

“Iná èwo? Gé e, ọmọ mi. Ẹyẹ nìkan ló ń lò ó.”

Ó gé e tán, ló bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi lọ̀ ọ́. Kò síná nílé tiwa náà.”

“Dúró ná,” mo ní. “Kóòtù ọ̀gá yín ló wà lórí tábìlì.”