Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mẹ́ta Tí Àbúrò Mi Fi Irin Ṣe

Ẹni tó bá ní àbúrò mi obìnrin kò mọṣẹ́, kó wá bá mi jà. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ fífi iná jó irin pọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe géètì, gbogbo wọn ló gún régé. Òun ńkọ́? Bí mo bá ní kó lọ gbé irin wá, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni n ó ti bá a, tó ń fọwọ́ wọn ewé. Mo bá sọ ọ́ ní Aláwòtúnwò.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ìtòsí wa ní kó fi irin ṣe ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà àwọn, oṣù mẹ́rin ló fi lù wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga jù mí lọ. Bó ṣe parí, ó tún la etí wọn síbí, ó là á sọ́hùn-ún, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń ya ewé gidi. A fi sìmẹ́ǹtì rì wọ́n mọ́lẹ̀.

Dókítà àgbà wá wò ó, ojú rẹ̀ fà ro.

"Wẹ́dà, kí ló ya wọ́n báyìí? Ṣé àkísà làwọn aláìsàn wa á máa wò? Ẹ jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá kó wọn lọ."

Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin! Mi ò tiẹ̀ dúró kí àbúrò mi ti ọjà dé. Mo gbé iná, mo jó gbogbo ibi tó là lára ewé kan pọ̀, ó dán gbinrin.

Ó dé, ó figbe ta. "Bọ̀ọ̀dá mi! Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá! Èyí tí kò bá ya ni ìjì máa ń ṣẹ́!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ irin?"

Omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ó lọ dúró ti méjì tó kù. "Ẹ jó èmi náà mọ́ ọn nígbà náà."

Mo kó iná mi, mo bá tèmi lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìjì kan jà, ó ká páànù yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Bó ṣe dáwọ́ dúró ni mo sáré débẹ̀. Yéè! Ewé tí mo jó ti tẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Méjì tó kù wà lóòró, wọ́n ń mì díẹ̀díẹ̀, kò sóhun tó ṣe wọ́n.

Dókítà àgbà ti wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ họrí. "Ta ló la ìwọ̀nyí?"

"Àbúrò mi ni!" Mo fi gbogbo ohùn mi kígbe, àwọn aláìsàn yọjú lójú fèrèsé. "Ọmọ ìyá mi ni! Èmi ni mo ba èyí jẹ́, òun ló ṣe ìwọ̀nyí!"

Dókítà ní ká tún ẹ̀kẹta ṣe, kó rí bíi tàwọn yòókù.

Ọwọ́ àgbà kì í wọ kèrègbè, mo gbà. Nígbà tí a gbé ewé náà dé ṣọ́ọ̀bù, tí a lù ú tó nà, mo na ṣọ́ọ̀kì sí àbúrò mi kó fàlà sí i.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, níbo ni kí n ti là á?"

Ó bojú wẹ̀yìn, kó wo ọ̀gá tó wọlé.