Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Kí Awakọ̀ Katapílà Kú Iṣẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wó ilé wa ní Adjamé nílùú Abidjan, ìyá àgbà mi jí, ó kírun àsùbáà, ó sì mú ìgbálẹ̀. Ó gbá yàrá, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún fi àkísà tútù nu ojú fèrèsé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, mò ń wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Ìyá àgbà, ilé tí wọ́n fẹ́ wó lẹ ń gbá yìí?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ilé yìí ló gbà mí nígbà tí mi ò lẹ́nì kan. Mi ò ní jẹ́ kó lọ tòun ti ìdọ̀tí lára."

Ìgbòho ló ti wá, nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọkọ tó mú un wá sí Abidjan kò pẹ́ láyé, bàbá mi nìkan ló sì fi sílẹ̀ fún un. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà lọ́jà tó fi tọ́ ọmọ náà, owó rẹ̀ náà ló sì fi kọ́ ilé onípáànù yẹn. Nígbà tí bàbá mi ríṣẹ́ sí Yopougon, lápá ibòmíràn nílùú náà, tó gbéyàwó, tó bí mi, wọ́n ní kí n lọ máa bá ìyá àgbà gbé kó má baà dá wà. Ilé mìíràn wà tí mò ń lọ kí àwọn òbí mi, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo yìí ni mò ń pè ní ilé wa. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ògiri àdúgbò, tí wọ́n ní ọ̀nà tuntun máa gbabẹ̀, mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Katapílà náà dé nígbà tí oòrùn ti mú. Ilẹ̀ ń mì tìtì. Àwọn agbófinró tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tò síwájú rẹ̀, òkúta lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ ni awakọ̀ náà fúnra rẹ̀. Eruku ti bò ó lójú.

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá àgbà ti gba àárín àwọn olókùúta kọjá. Ó gbé ife omi tútù dání. Ó dúró níwájú irin ńlá náà, obìnrin kúkúrú, ìborùn rẹ̀ funfun báláú, ó sì gbóhùn sókè ní èdè Júlà:

"I ni baara!"

Ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó wá wó ilé rẹ̀ ló ń kí kú iṣẹ́.

Awakọ̀ náà wò ó, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. "Nba," ló fi dá a lóhùn, bí ọkùnrin ṣe ń jẹ́ ìkíni lédè náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba omi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà jágbe: "La vieille! Ìyá arúgbó! Ẹni tó fẹ́ wólé yín lẹ ń fún lómi?"

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́," ni ìyá àgbà wí.

Awakọ̀ náà mu omi tán. Ó bi í léèrè pé, "Maman, ṣé ẹrù yín ti jáde tán?"

"Ó ku àpótí aṣọ mi. Apá wa ò ká a."

Ọkùnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ rí i tó bẹ̀rẹ̀ sídìí àpótí onígi náà, ẹni tó jágbe lẹ́ẹ̀kan ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ nù, ó lọ di igun kejì mú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n jọ gbé e jáde. Awakọ̀ náà tún padà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ tí a gbá mọ́ tónítóní.

"Pardon, Maman," ló fi tọrọ àforíjì.

"Ọlọ́run á fún ọ níṣẹ́ tó dára jù yìí lọ."

"Àmín."

Ó gun ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó sì wó ilé wa.

Nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa lọ sí Songon, níbi tí bàbá mi ti rí yàrá fún wa, ni ìyá àgbà tó sunkún. Ó sunkún gan-an, ó ń fi etí ìborùn nu imú. Mo bi í bóyá inú ń bí i sí ọkùnrin yẹn.

"Inú ń bí mi sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe ilé, ọmọ mi. Ta ló lè sùn sínú rẹ̀?"

A kò mọ ẹnikẹ́ni ní Songon. Abúlé àtijọ́ ni, létí ọ̀sà. Èdè Ebrié ni wọ́n ń sọ. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn láràárọ̀. Obìnrin àgbà kan wà nítòsí wa tó ń yan ẹja. Kì í dáhùn. Bí ìyá àgbà bá kí i, á yíjú sí iná rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Kíkí lèmi ń kí i. Jíjẹ́ tiẹ̀ ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú lójijì, obìnrin náà kò sí nílé. Ìyá àgbà sáré jáde pẹ̀lú tapólì tá a fi ń bo ẹrù wa, ó fi bo ẹja obìnrin náà tó wà níta, ó sì jókòó lórí etí tapólì náà kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ibẹ̀ ni onítọ̀hún dé bá a, tí òjò ti pa á rin gbindingbindin. Ó wọlé, ó mú aṣọ gbígbẹ jáde, ó sì fi wé ìyá àgbà léjìká.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń jókòó nírọ̀lẹ́. Ìyá àgbà á máa sọ Yorùbá, obìnrin náà á máa sọ Ebrié, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bi ìyá àgbà léèrè ohun tó ń gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

"Ó ní ọmọ òun kan wà tí ọ̀sà gbé lọ."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Mo lọ fi Faransé bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ obìnrin náà tó kù. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí lọ́nà kan tí n kò lè ṣàlàyé, bí ẹni tó ṣèèṣì rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìyá àgbà kú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn àìsàn díẹ̀. Àwọn ará Ìgbòho tó ń tajà ní Adjamé àti Treichville wá síbi ìsìnkú. Kí ìmáàmù tó kírun sí i lára, àwọn obìnrin abúlé náà dé pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin arò lédè wọn, obìnrin ẹlẹ́ja náà ló ṣíwájú. Ìmáàmù dúró títí orin náà fi parí. Àwọn obìnrin náà ni wọ́n fún gbogbo àlejò wa ní attiéké tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe àti ẹja ní gbogbo ọjọ́ náà.

Àgbà ọkùnrin kan láti Treichville fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ yìí, ìgbà wo ni ìyá yín ti ń gbé ibí? Láti kékeré ni?"

Mo ní kò tíì pẹ́ rárá tá a kó dé. Ó wo àwọn obìnrin tó ń sunkún káàkiri àgbàlá, ó wò mí, ó rò pé mò ń ṣàwàdà.