Àìsàn Mẹ́ta Tí Ọbáfẹ́mi Kò Ní

Mobọ́lá kì í purọ́ níbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní báǹkì, tó ń yẹ ìbuwọ́lùwé àwọn ènìyàn wò, tó sì ń dá ìwé wọn padà bí ìbuwọ́lùwé kò bá jọra. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ràn rẹ̀. Kò ka ìyẹn sí. Ilé ló ti ń purọ́, nítorí ọkọ rẹ̀.

Ọbáfẹ́mi, ọkọ rẹ̀, ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Paynesville, ní Liberia. Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, nínú oṣù Kẹsàn-án, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láti wọ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí Mobọ́lá máa fi ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Kò sunkún. Kò bínú. Ó ní òun kò mọ ohun tó kàn.

Dókítà tí wọ́n lọ rí, obìnrin ará Liberia kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bi í ní ìbéèrè fún odindi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ohun tó ń ṣe é: ìsoríkọ́. Ó ní àìsàn ni, ó ní oògùn wà, ó ní yóò gba oṣù díẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n sọ fún àwọn tó sún mọ́ wọn. Mobọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú kéékéé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wọn padà sílé ní Old Road, ó kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́.

"Kí la máa wá sọ fún wọn?" Ọbáfẹ́mi béèrè.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ó mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọpọlọ ni, wọn kì í béèrè ìbéèrè kejì. Wọ́n á pe ọkọ ní wèrè, wọ́n á wádìí ìdílé ìyàwó, wọ́n á sì máa wo ojú àwọn ọmọ bóyá ó ti ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kàwé. Ẹlòmíràn nínú wọn gboyè méjì.

Nítorí náà, ó sọ fún ilé ẹ̀kọ́ pé taifọ́ọ̀dù ni, torí taifọ́ọ̀dù máa ń pẹ́ lára. Ó sọ fún ìjọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, torí ìdajì àwọn àgbà ìjọ ló ní i. Ó sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá pé ibà ni, torí ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu nìyẹn. Kò sí èyí tí kò dára nínú irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó gbàgbé ni pé bí àwọn èèyàn wa kò bá tilẹ̀ lè wo aláìsàn sàn, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá, Ọbáfẹ́mi sọ pé òun fẹ́ gbìyànjú kíláàsì kan, ẹyọ kan péré. Ohun àkọ́kọ́ tó fẹ́ láti ọjọ́ ìbọ̀sẹ̀ nìyẹn. Dókítà fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Mobọ́lá fẹ́ lọ bá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn àlejò dé.

Alhaja Hajarat, ìyá ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ wọlé. Kéékéé méjì ló wọ̀ láti Bushrod Island, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ ẹja lórí ẹsẹ̀. Díákónì Olúṣẹ́gun láti ìjọ tẹ̀ lé e, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sè. Ẹni kẹta ni Enoch, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọmọ Liberia. Ó kí wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, ó sì di ìgò omi tirẹ̀ mú, torí taifọ́ọ̀dù. Lẹ́tà kan wà lápò ẹ̀wù rẹ̀. Ọbáfẹ́mi wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn padé.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú," Alhaja wí. "Ẹ bu ọbẹ̀ yìí fún un kó tó tutù. Mo fi ata sí i, mo fi iyọ̀ sí i dáadáa, kí ẹnu rẹ̀ lè là."

"Iyọ̀ kẹ̀?" Díákónì dìde. "Alhaja, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ta ni iyọ̀ pa rí nítorí ibà?"

"Ibà wo? Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe é. Ó ti lé lóṣù kan tí a ti ń gbàdúrà sí i."

"Á jẹ́ pé èyí tí kò ní lẹ̀ ń gbàdúrà sí."

Enoch béèrè ohun tó fa ìjà. Díákónì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Enoch ronú díẹ̀, ó ní, "Taifọ́ọ̀dù ni wọ́n sọ fún wa."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí Mobọ́lá. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n Díákónì ti bọ́ fìlà.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní," Díákónì wí jẹ́jẹ́.

Bí ìjà ṣe parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bú ara wọn lẹ́ẹ̀kan di ọ̀kan.

"Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú dà?" Alhaja béèrè. "Ká gbé e lọ sílé kó tó pẹ́ jù."

"Ọkọ̀ òfúrufú wà lọ́jọ́rú," Díákónì dáhùn. "Bí ó bá sì ti ṣe aláìsí kí ọjọ́rú tó pé, ìlànà wà fún gbígbé òkú náà."

"Ó mọ èèyàn ṣe. Ó máa ń tètè dé ìpàdé."

"Kò tètè dé ìpàdé rí, Alhaja," Mobọ́lá wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa sọ rere nípa rẹ̀."

Enoch náà dìde, ó fa lẹ́tà yọ. Ilé ẹ̀kọ́ kẹ́dùn. Wọ́n dúpẹ́ iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó lọ sinmi pátápátá. Olùkọ́ mìíràn yóò gba ipò rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí Mádàámù ṣáà bá a buwọ́ lù ú.

Mobọ́lá wo ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé. Bó bá buwọ́ lù ú, ẹyọ kíláàsì tí ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ ti lọ nìyẹn.

"Kò ní ibà," ó wí. "Kò ní taifọ́ọ̀dù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ìsoríkọ́ ló ń ṣe é, dókítà ọpọlọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo purọ́." Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún Enoch, kò yọ ohunkóhun kúrò.

Alhaja fi ọmọrí bo ìkòkò rẹ̀. "Ṣé kì í… ṣé kì í lù yín?"

"Kì í fọ abọ́, Alhaja. Ìyà tó fi ń jẹ mí ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Díákónì sún mọ́ Mobọ́lá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Tolúlọpẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣì fi sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

"Àwọn àìsàn tí kò ní ìtìjú yìí náà lẹ torí ẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ òfúrufú gbé òkú rẹ̀ lọ́jọ́rú. Èyí tó ní gan-an, oògùn rẹ̀ wà lórí tábìlì."

Enoch kò bá wọn dá sí i. "Ṣé ó lè dúró níwájú kíláàsì?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ bi í."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọbáfẹ́mi dúró níbẹ̀, irùngbọ̀n ti kún un. Ó ti ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Àárọ̀ ò ṣeé ṣe," ó wí. "Tó bá di ọ̀sán, mo lè gbìyànjú."

Enoch ká lẹ́tà náà sí méjì, ó dá a padà sápò. "Ẹ̀ bá ti sọ ní oṣù Kẹsàn-án," ó wí. "Kò sí ẹni tó ń fẹ́ kíláàsì ọ̀sán; kó wá gbà á lọ́jọ́rú. A ti dáná sun gbogbo ìwé rẹ̀ nítorí kòkòrò taifọ́ọ̀dù." Inú rẹ̀ ò dùn, kò sì díbọ́n pé ó dùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Díákónì gbàdúrà fún ẹ̀jẹ̀ ríru Ọbáfẹ́mi bó ṣe máa ń ṣe é. Alhaja ní tirẹ̀ ti sọ òótọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ kó tó dé Bushrod Island. Ìyá méjì kò jẹ́ kí ọmọ wọn wá sí ilé náà mọ́. Àwọn méjèèjì ní àkáǹtì ní báǹkì Mobọ́lá, ó sì ń kí wọn dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, Ọbáfẹ́mi kọ́ kíláàsì kan nípa ìmọ́lẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìsoríkọ́ ń ṣe òun, ó dárúkọ rẹ̀ kedere, ó ní bí òun bá jókòó báyìí, kí wọ́n dúró de òun. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ó béèrè bóyá ìyẹn máa wà nínú ìdánwò.

Ọbáfẹ́mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Mobọ́lá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun dá a lóhùn pé rárá, wọ́n sì gbé bírò wọn sílẹ̀.