Òjò Tó Ń Tẹ̀lé Virgil Stadler

Bí ẹ bá dé ìlú wa ní Nebraska, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pe Virgil Stadler ní gbajúmọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ṣeré bésíbọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá lóòótọ́, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n lò ó ní Chicago. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, abala mẹ́rin gbáko, kò sẹ́ni tó rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Ni òjò bá dé. Eré tí kò bá pé abala márùn-ún kì í kà, wọ́n bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ràn, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ bí ẹni ń pa ejò. Èyí kà. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó sì padà sídìí oko àgbàdo.

Láti ìgbà náà ló ti ń bá òjò yan odì. Àgbẹ̀ o! Nígbà tí ọ̀dá mú wa, tí gbogbo ìjọ ń gbàdúrà òjò, Virgil kì í ṣe àmín. Leota ìyàwó rẹ̀ á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà títí, pàbó ni.

Lọ́jọ́ Òmìnira, nínú ọ̀dá yẹn, a bá ìlú kejì ṣeré. Virgil ti lé lógójì ọdún, àmọ́ apá rẹ̀ padà bọ̀ sípò wẹ́kú. Inú mi dùn débi tí mo ń sunkún. Abala karùn-ún dé, ó ku ẹnì kan péré tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí kí eré kà, ni ẹ̀kán òjò já bọ́ sórí fìlà rẹ̀.

Gbogbo èrò ìwòran ya wọ pápá, wọ́n lanu sókè. Leota ń jó.

Virgil di bọ́ọ̀lù mú, ó ń bẹ rẹfirí: "Jọ̀ọ́, ẹnì kan péré ló kù."

Rẹfirí ní àgbàdo lóko tirẹ̀ náà, ó sì ti bọ́ bàtà. "Virgil, eré yìí ò kà mọ́," ló fi ẹ̀rín sọ.

Lọ́dún yẹn, kò sí àgbàdo tó dà bíi ti Virgil.

Nígbà tí ọ̀dá mìíràn dé, Pásítọ̀ Emmert fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù wá sílé wọn. Virgil bi í pé ìlú wo la fẹ́ bá ṣeré.

Pásítọ̀ họ orí. "Ẹnikẹ́ni, Arákùnrin Virgil. Ẹ ṣáà jù ú dáadáa."

Mo rò pé á lé e jáde. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ló lọ mú. Lọ́jọ́ náà, pápá kún fọ́fọ́, irú èrò bẹ́ẹ̀ ò wá wò ó rí, kódà ní Chicago. Ó ju bọ́ọ̀lù kan tó dáa gan-an, èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́. Ojú ọ̀run ni àwọn yòókù ń wò.